Okùn Kẹta Tí Mo Dẹ̀

Ìyá mi àtàtà,

Ẹ ò mọ ìwé kà. Gbogbo lẹ́tà tí mo kọ sí yín láti ìgbà tí mo ti ń bá ẹgbẹ́ olórin rìn kiri, Àǹtí Sàlámátù ló ń kà á sí yín létí, nítorí náà ohun tí ẹ̀gbọ́n mi lè gbọ́ nìkan ni mo máa ń kọ. Èyí kò ní ẹni tí yóò kà á. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ara mi ò balẹ̀. Ó ti ń lọ sí oṣù mẹ́rin tí ẹ ti lọ. Bí mo bá ti ilé iṣẹ́ aṣọ dé, eruku òwú á ṣì wà nírun mi, n ò ní tíì bọ́ bàtà tí n ó ti gbé gìtá. N ó ta á díẹ̀, n ó gbé e sílẹ̀, n ó jáde dé ẹnu ọ̀nà, n ó tún padà wọlé. Ìyá Àmínà, ará Sáríà tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi, na ọrùn lọ́jọ́ kan, ó ní, "Lafiya dai?" Mo ní lafiya lau, pé kò séwu. Irọ́ ni.

Orin tí ẹ máa ń kọ nídìí òfì ni mò ń wá. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, mo rò pé mo mọ ìyẹn. Ibì kan wà tí ohùn yín máa ń wálẹ̀, kété kí ẹ tó fi àpásà gbá òwú kó le. Ibẹ̀ ni gìtá mi ò lè dé. Okùn mẹ́fà ni gìtá ní, bákan náà sì ni gbogbo àwa tí à ń ta á ní Kàdúná ṣe ń yí i. Ó dára fún orin ijó. Ṣùgbọ́n àwọn irin wẹ́wẹ́ tó dábùú ọrùn rẹ̀ ti gé ohùn sí ìpele-ìpele bí àtẹ̀gùn, ohùn yín kì í sì í bá àtẹ̀gùn wálẹ̀. Ṣe ló máa ń yọ̀ bọ̀. Mo gbìyànjú láti fi ìka fa okùn náà. Ó dà bí ẹni tó ń sín yín jẹ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, inú bí mi, mo di etí tí a fi ń yí okùn kẹta mú, mo dẹ̀ ẹ́. Díẹ̀ báyìí. Mo ta á. Ìyá, mo dìde dúró. Ibẹ̀ gan-an ni.

Ṣùgbọ́n gbogbo èyí tó kù dàrú. Ibi tí ìka mi ti mọ̀ láti ọdún mẹ́fà di ilé àjèjì. Mo tẹ ibi tí mo mọ̀, ohun tí n ò mọ̀ ló jáde. Mo tún dẹ okùn tó nípọn jù lọ kó lè bá kẹta rẹ́. Bó ṣe ń dún nísàlẹ̀ láìjẹ́ pé mo tẹ̀ ẹ́, ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lórí àwọn tínínrín. Kì í ṣe orin yín nìkan ló wà níbẹ̀. Orin tí àwọn onígòjé ń fi okùn kan ṣoṣo kọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà wà níbẹ̀. Ìró kan tó jọ ohùn ládàánì tó ń pe ìrun náà wà níbẹ̀, n ò jẹ́ sọ ìyẹn létí ọkọ Àǹtí.

Mo gbé e lọ síbi ìdánrawò wa lọ́jọ́ Sọ́ńdè. A ò tíì dé ìdajì orin tí Máàsítà, olórí ẹgbẹ́ wa, fi dá gbogbo wa dúró.

"Ta ló ba gìtá yìí jẹ́?"

"Kò bàjẹ́, sà. Èmi ni mo yí i bẹ́ẹ̀."

"Yí i padà. Àwọn tó wá jó ò wá gbọ́ orin òkú."

Kò ní i lọ́kàn láti gún mi. Ó gún mi. Mo yí i padà.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, mo lọ bá Àǹtí nílé ní Kinkínáù. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin yín, ọ̀rọ̀ àárín wa kò ju ẹ káàárọ̀ àti káàbọ̀ lọ. Ọkọ rẹ̀ ò fẹ́ gìtá nílé, ṣùgbọ́n ó ti lọ kírun. Òfì yín ṣì wà lábẹ́ àtíbàbà, aṣọ tí ẹ ò wun tán ṣì wà lára rẹ̀. Kò sẹ́ni tó láyà láti gé e. Àǹtí ń ṣa ẹ̀wà. Kò wojú mi. Mo jókòó, mo dẹ okùn, mo ta orin yín.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú ẹ̀wà. "Kò rí bẹ́ẹ̀."

"Níbo, Àǹtí?"

"O ń sáré. Ìyá kì í sáré níbẹ̀. Wọ́n máa ń dúró de àpásà ni."

Ó wá kọ ọ́. N ò mọ̀ pé ohùn yín wà lọ́fun rẹ̀. Mo gbọ́ pé okùn mi ṣì ga; mo tún dẹ̀ ẹ́ bí ìbú irun orí kan, ó bá a pàdé.

N ò lè mú un mọ́ra mọ́. "Àǹtí, wáyà tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí mi ní Jọ́ọ̀sì pé ara Ìyá ò yá, kò pẹ́ lọ́nà bí mo ṣe sọ. Ọ̀sán ọjọ́ náà ló tẹ̀ mí lọ́wọ́. Lọ́rì ṣì wà ní gáréèjì. Eré tá a ní nírọ̀lẹ́ ni mo torí ẹ̀ dúró."

Ohun tí mo fi pamọ́ fún gbogbo ayé nìyẹn. Mo rò pé ibà tó máa ń ṣe yín ni. Mo ta gìtá, àwọn èèyàn jó, mo tún ń rẹ́rìn-ín sí wọn. Nígbà tí mo fi dé lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti kírun sí yín lára tán. Ṣé ẹ béèrè mi? Ṣé ẹ pe orúkọ mi? N ò láyà láti bi Àǹtí.

Ó kó ẹ̀wà jọ, ó tún tú u ká. "Mo mọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ ló jẹ́ kó bọ́ lẹ́nu òun níbi àdúrà fìdáù. Mò ń dúró kí ìwọ fúnra rẹ sọ ọ́ ni."

"Ẹ má bínú, Àǹtí."

"Mò ń bínú. Ta á."

Mo ta á títí ojú ìka mi fi pọ́n. Ó sì kọ ibì kan tí n ò gbọ́ rí láyé mi: ẹni tó sọdá Ọya tí ò bọ̀, ẹ bá mi wo ẹ̀yìn ọ̀nà. Ó ní ìgbà tí aṣọ bá kù díẹ̀ kó parí, tí ẹ bá rò pé kò sẹ́nì kan nínú ilé, lẹ máa ń kọ ọ́. Òun náà ò mọ ẹni tí ẹ ń kọ ọ́ fún.

N ò yí gìtá padà mọ́. Máàsítà ti fi ẹlòmíràn sípò mi. Ó dùn mí ju bí mo ṣe jẹ́ kó hàn lọ. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, Kinkínáù ni mo máa ń wà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkọ Àǹtí tètè ti mọ́sálásí dé, ó bá wa lẹ́nu ẹ̀. Ó dúró, ó wúkọ́, ó gba ẹ̀yìn wọlé. Mo ti ń dẹ okùn kẹrin báyìí, n ò sì tíì mọ ohun tí mò ń wá lára rẹ̀.

Ta ni ẹ ń wò lọ́nà, Ìyá? Ṣé bàbá wa ni, kí wọ́n tó ránṣẹ́ pè yín wá láti Ìlọrin? Ṣé ẹnì kan ṣáájú wọn ni? Àbí orin lásán ni? Bí mo bá mọ bó ṣe ń ṣe yín nígbà tẹ́ ẹ bá ń kọ ọ́, n ó mọ ibi tí ó yẹ kí n yí okùn yìí dé.

Kí Ọlọ́run fi Àlùjánnà kẹ́ yín. Mo fẹ́ràn yín, n ò sì sọ ọ́ tó.

Èmi ni,
Àbíkẹ́yìn yín