Ẹ̀rọ Tó Ń Ka Èémí

Màámi, ara mi le koko bí ọta. Ẹ bi mí pé irú iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe. Afẹ́fẹ́ tí èèyàn ń mí síta la máa ń pò mọ́ gáàsì háídírójìn, a ó wá fi gba orí bàbà gbígbóná tí a lọ̀ kúnná, á sì di irú ọtí kan tí wọ́n fi ń dáná. Kò ṣeé mu o, ẹ sọ fún Bàámi kí wọ́n gbàgbé ẹ̀!

Ẹ̀rọ kékeré kan ló ń ka èémí ọ̀hún: bí èrò bá ṣe ń pọ̀ nínú yàrá ni nọ́ńbà rẹ̀ ń gòkè. Mo gbé ọ̀kan wá sí yàrá tí mò ń gbé níbí. Ní ti ọ̀rẹ́ tí ẹ béèrè, wọ́n pọ̀ lọ súà, ẹ̀rín ń pa wá ni. Àmọ́ láti Sátidé ni nọ́ńbà náà ò ti kúrò lójú kan. Bóyá ó ti bàjẹ́.

Ẹ bá mi kí Bàámi, ẹ kí àbúrò mi, ẹ kí ìyá àgbà. Bí mo ṣe ń kọ ìkíni yìí ni mò ń kà á sí ẹ̀rọ náà létí. Kò bàjẹ́ o, Màámi. Ó ń gòkè, bí ẹni pé ẹ̀ ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan.