Gààrí Tí Mọ́mì Dín Kẹ́yìn

Dádì mi,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ìdágbé, ẹ kú àṣẹ̀yìndè Mọ́mì. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Sáò Páúlò nílẹ̀ Bùràsíìlì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúnkún mi ò fẹ́ kúnlẹ̀ mọ́. Mo kí Àǹtí Bọ́sẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi kan ṣoṣo, tí wọ́n ń wọ kẹ̀kẹ́ láti Ìjagun wá wò yín lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kọ́ ọmọ ọlọ́mọ tán. Mo kí àwọn ẹbí wa ní Ayépé. Mo kí àwọn ará ìjọ tó ń gbé kúlà oúnjẹ wá fún yín, tí ẹ sì ń dá a padà pẹ̀lú ọpẹ́, láì ṣí i.

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí mo gbé ọ̀rọ̀ ilé wá sínú ìwé ìròyìn. Ẹ̀yin lẹ fà á. Ẹ ní ẹ ò lè ka ohun tó bá gùn lórí fóònù, pé ojú ń dùn yín. Bẹ́ẹ̀, kò sí ìwé ìròyìn Yorùbá tí ẹ kì í kà láti orí dé ìdí, títí kan ìkéde òkú àwọn tí ẹ ò mọ̀ rí. Nítorí náà ni mo ṣe ní kí wọ́n bá mi tẹ̀ ẹ́ síbi tí ojú yín á ti tó o. Bí bàbá ẹlòmíràn bá wà níbẹ̀ tí kò mọ bí wọ́n ti ń dáná, kí òun náà kà á mọ́ ọn.

Ohun tí ẹ bi mí lóṣù tó kọjá ni mo fẹ́ dáhùn. Ẹ mọ̀ pé ẹ kì í pè mí. Fílàṣì lẹ máa ń fílàṣì mi, ẹ ó jẹ́ kó dún lẹ́ẹ̀kan, ẹ ó gé e, kí n lè pè yín padà. Ìjẹ̀bú lẹ kúkú jẹ́, mi ò bá yín jà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn ẹ pè, ẹ sì jẹ́ kí n gbé e. Ẹ sọ̀rọ̀ òjò, ẹ sọ̀rọ̀ páànù tó ń jò lókè yàrá àlejò. Ìgbà náà lẹ bi mí pé gààrí tí Mọ́mì dín yẹn, báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é gan-an. Mo ní n ó pè yín padà. Mi ò pè. Ọ̀gá mi dúró sẹ́yìn mi, mi ò sì tíì rí bí mo ṣe máa fi ẹnu sọ ọ́ láti ọjọ́ yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀. Ilé oúnjẹ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. A ó to oúnjẹ sórí tábìlì gígùn, oníkálukú á bu èyí tó wù ú, á gbé àwo rẹ̀ sórí òṣùwọ̀n, bó bá ṣe wúwo tó ló máa sanwó tó. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni mo ti ń rẹ́ àlùbọ́sà, mi ò sì ní jókòó títí di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Bọ́ọ̀sì kan àti rélùwéè kan ló ń gbé mi délé, oorun a sì máa gbé mi kọjá ibi tó yẹ kí n ti sọ̀. Òtútù ibí kì í pariwo. Òjò wínníwínní ni, á máa sẹ̀ lọ bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, inú ilé á tutù bí ìta, súwẹ́tà méjì ni mo fi ń sùn.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo débi iṣẹ́ yìí, mi ò gbọ́ èdè wọn ju ẹ káàárọ̀ lọ, ebi sì ń pa mí. Mo rí abọ́ ńlá kan lórí tábìlì, gààrí ló kún inú rẹ̀, ó pọ́n díẹ̀. Dádì, ojú mi là. Ọmọ Ìjẹ̀bú rí gààrí nílẹ̀ òkèèrè, kí ni yóò tún máa wá bí kò ṣe omi tútù? Mo bù ú sínú kọ́ọ̀bù, mo da omi sí i, mo fi ṣúgà sí i, mo wá ṣíbí. Kí n tó rò ó, òróró ti léfòó, àlùbọ́sà ń wẹ̀ káàkiri, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ wẹ́wẹ́ ti jókòó sí ìdí kọ́ọ̀bù. Dọ́nà Lúsíà, ìyá àgbàlagbà tó jẹ́ olórí àwa tí à ń dáná, rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ògiri mú. Bàhíà ni ìyá yìí ti wá, níbi tí wọ́n ti ń pe àkàrà ní akarajé, wọn ò sì mọ̀ pé Yorùbá ni àwọn ń sọ. Títí dòní, bí mo bá ti fẹ́ jẹun, wọ́n á ní kí n má gbàgbé ṣúgà mi.

Fàrọ́fà ni wọ́n ń pe gààrí yẹn. Mo sọ ọ́ fún Mọ́mì lórí fóònù, Mọ́mì rẹ́rìn-ín débi pé wọ́n ní kí n dúró kí àwọn mí ná. Wọ́n ní àwọn ará Bùràsíìlì wọ̀nyí ò mọ ohun tí wọ́n ń fi gààrí ṣe. Lẹ́yìn náà ni wọ́n lọ mú bírò, wọ́n ní kí n ka bí wọ́n ṣe ń ṣe é fún àwọn. Mo kà á gẹ́gẹ́ bí Dọ́nà Lúsíà ṣe kọ́ mi. Bọ́tà, àlùbọ́sà, ẹyin, gààrí, kí wọ́n máa rò ó lórí iná fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Dádì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí ìyẹn.

Àǹtí Bọ́sẹ̀ ló sọ èyí tó kù fún mi. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni Mọ́mì dín in, wọ́n bù ú síwájú yín pẹ̀lú ẹja. Ẹ tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan, ẹ ní ẹ̀yin ò lè jẹ iyanrìn dídín, ẹ ti àwo náà sẹ́yìn, ẹ lọ rẹ gààrí tiyín. Mọ́mì ò jà. Wọ́n jókòó, wọ́n dá a jẹ. Ilẹ̀ ọjọ́ Ajé ò mọ́ bá wọn. Láti ìgbà tí a ti sin wọ́n lẹ ti ti ilé ìdáná pa, kọ́kọ́rọ́ ń bẹ lápò yín, gààrí rírẹ lẹ ń mu láàárọ̀, òun náà lẹ ń mu lálẹ́. Àǹtí ní ẹ ti fi ìṣó lu ihò tuntun méjì sí bẹ́líìtì yín. Wọ́n bẹ̀ yín pé kí ẹ jẹ́ kí àwọn wá máa dáná, ẹ sọ fún wọn pé ẹ̀yin tí ẹ kọ oúnjẹ ẹni tó ni yín, oúnjẹ ta ni ẹ ó wá gbà.

Gbólóhùn yẹn ń bá mi wọ rélùwéè lójoojúmọ́.

Mi ò wá síbi ìsìnkú ìyá mi. Ìwé ìgbélùú mi ṣì wà lọ́wọ́ ìjọba ibí, bí mo bá jáde, mi ò lè padà wọlé. Yàrá tí a ti ń pààrọ̀ aṣọ níbi iṣẹ́ ni mo ti wò ó lórí fóònù. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì já lẹ́ẹ̀mejì, nígbà tó fi máa padà, wọ́n ti ń bu erùpẹ̀ bo pósí. Ẹ ò bá mi wí rí. Ì bá sàn kí ẹ bá mi wí. Ó ti rẹ̀ mí, Dádì, kì í sì í ṣe iṣẹ́ nìkan ló rẹ̀ mí. Gbogbo ọjọ́ ni mò ń dáná fún àwọn tí mi ò mọ orúkọ wọn, èmi á wá jẹ búrẹ́dì lórí ìdúró. Láti ìgbà tí Mọ́mì ti lọ, mi ò tíì tan iná fún ara mi lẹ́ẹ̀kan.

Nígbà tó ku díẹ̀ kí oṣù yìí bẹ̀rẹ̀, ẹnì kan tó ń ti ilé bọ̀ bá Àǹtí Bọ́sẹ̀ gbé gààrí Ìjẹ̀bú wá fún mi. Mo ní kí n dín in bí mo ṣe kọ́ Mọ́mì, kí n lè kọ ọ́ fún yín dáadáa. Ibi iṣẹ́ ni mo ti dín in, Dọ́nà Lúsíà dúró tì mí, ìṣẹ́jú mẹ́wàá pé. Ìyá náà fi ṣíbí kan sẹ́nu, wọ́n di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú. Wọ́n bi mí bóyá òkúta wẹ́wẹ́ là ń jẹ nílùú wa. Èmi náà fi sẹ́nu, ó dún wójówójó láàárín eyín mi. Gààrí tiwọn ò gbẹ tó tiwa, ó rọ̀, ó sì lè gba iná pẹ́. Gààrí Ìjẹ̀bú, àwa fúnra wa ti yan án gbẹ táútáú kó tó dé ọjà. Ta ni kò mọ̀ bẹ́ẹ̀? Èmi tí wọ́n bí sí Ìjẹ̀bú-Òde, èmi ni mi ò rò ó.

Iyanrìn ni lóòótọ́, Dádì. Ẹ ò purọ́ mọ́ Mọ́mì. Ohun tí wọ́n gbé síwájú yín kò ṣe é jẹ, èmi ni mo kọ́ wọn ní àkọ́ṣì. Mọ́mì náà ní eyín, wọ́n mọ̀ pé iyanrìn ni. Wọ́n jẹ ẹ́ tán nítorí pé ọmọ wọn ló kà á fún wọn. Ẹ gbé ẹ̀bi yẹn sílẹ̀, tèmi ni.

Ó yá, ẹ mú bírò. Ẹ ṣí ilé ìdáná. Ìyẹn ló le jù, ìyókù rọrùn. Ẹ ṣí fèrèsé kí ẹ tó tan gáàsì, iná kékeré ni o. Ẹ bu gààrí kọ́ọ̀bù kan sínú abọ́, ẹ wọ́n omi gbígbóná ṣíbí mẹ́ta sí i, ẹ fi ọwọ́ pò ó kó rọ̀ díẹ̀. Páànù tí Mọ́mì fi ń dín ẹyin wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹ yọ́ bọ́tà ṣíbí méjì nínú rẹ̀, ẹ da àlùbọ́sà tí ẹ ti rẹ́ wẹ́wẹ́ sí i. Bí àlùbọ́sà bá ti ń pọ́n létí, ẹ fọ́ ẹyin méjì sí i pẹ̀lú iyọ̀, ẹ tú u ká. Ẹ wá máa fi ọwọ́ wọ́n gààrí náà sí i, kí ọwọ́ kejì máa rò ó. Ìṣẹ́jú méjì péré. Ẹ pa iná.

Bí ilẹ̀kùn yẹn bá ti ṣí, ẹ má tì í mọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ ẹ lè se mọ̀kẹ́kà, oúnjẹ ìlú Dọ́nà Lúsíà. Kò sí ata lílọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ rẹ́ àlùbọ́sà, tòmátì àti tàtàṣé, ẹ tẹ́ ìdajì sí ìdí ìkòkò, ẹ to ẹja tútù tí ẹ ti fi iyọ̀ pa lára lé e, ẹ fi ìdajì tó kù bò ó. Àǹtí Bọ́sẹ̀ á bá yín rin àgbọn, ẹ fún oje funfun rẹ̀ sí i, ẹ ta epo pupa díẹ̀ lé e, ẹ dé e. Ẹ má rò ó rárá. Bí ẹ bá ka Sáàmù mẹ́ta gígùn tán, ó ti jinná. Omi ẹja tó bá kù, ẹ gbé e padà sórí iná, ẹ máa wọ́n gààrí sí i títí yóò fi ki. Pìráọ̀ nìyẹn. Ẹ̀bà ni, omi ẹja la kàn fi tẹ̀ ẹ́. Ẹ ò tẹ ẹ̀bà rí, mo mọ̀, àmọ́ ogójì ọdún lẹ fi wo ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó bá tẹ̀lé ọjọ́ tí ẹ bá ka èyí, tí ẹ bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ẹ dín gààrí yẹn ní aago méjì. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni yóò jẹ́ níbí, ọjọ́ kan ṣoṣo tí mi ò lọ síbi iṣẹ́. Èmi náà á dín tèmi, n ó jókòó jẹ ẹ́.

Kí Ọlọ́run tẹ́ Mọ́mì sí afẹ́fẹ́ rere. Kó fún Àǹtí Bọ́sẹ̀ lókun, kó sì dá yín sí títí ìwé mi yóò fi jáde, kí n lè wá gbé oúnjẹ síwájú yín fúnra mi. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, ẹ bá mi kí àwọn ará ìjọ, ẹ má dá kúlà wọn padà mọ́.

Bí ẹ bá ti jẹun tán, ẹ má nawó pè mí. Ẹ fílàṣì mi. Mi ò ní gbé e, mi ò sì ní pè yín padà. Ẹ kàn jẹ́ kó dún lẹ́ẹ̀kan.

Èmi ni,
Adéṣọlá, ọmọ yín.