Ìbọn fún Àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ilé Wa

Fúláàtì 1104, Àgbàlá Birchmead,
Rexdale, Toronto,
Kánádà.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹwàá, ọdún 2025.

Yétúndé, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Mo gbọ́ pé orúnkún Màmá ti ń san, inú mi dùn gan-an. Àwa náà wà dáadáa, àfi òtútù tó ti ń yọjú.

O béèrè bóyá òótọ́ ni pé wọ́n fẹ́ gbé ìbọn fún àwọn tó ń ṣọ́ ilé wa. Òótọ́ ni. Àwọn ẹ̀ṣọ́ àlàáfíà yìí lè la ìjà, wọ́n lè lé ẹni tí kò ní ohun tó wá ṣe níbí jáde, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá le, ọlọ́pàá ni wọ́n ń pè. Àwọn onílé wa fẹ́ kí ìjọba fún àwọn ẹ̀ṣọ́ yìí ní gbogbo agbára ọlọ́pàá, títí kan ìbọn, wọ́n sì ní kí àwa ayálégbé kọ́kọ́ dìbò. Èmi fara mọ́ ọn tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti jí mọ́tò wa gbé rí, ọlọ́pàá kò sì tètè dé. Mo tilẹ̀ ti gbà láti gbè é lẹ́yìn níbi ìpàdé tí a ó ti dìbò.

Bàbá ọkọ mi ló yí mi lọ́kàn padà. Ìkirè ni wọ́n ti wá kí wa. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí wọ́n dé, Bàbá wẹ̀, wọ́n wọ dàńṣíkí, wọ́n sì ń kan ilẹ̀kùn gbogbo ará ilé láti kí wọn kú àárọ̀. Obìnrin kan rò pé olè ló ń dán ilẹ̀kùn wò, ló bá pe ẹ̀ṣọ́. Rayyan ló dé, ọmọ Pakistan kan tí gbogbo wa fẹ́ràn. Ó ní kí Bàbá dúró. Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n ki ọwọ́ bọ àpò: dòdò Ìkirè ni wọ́n fẹ́ fún un! Nígbà tí mo fi sáré débẹ̀, ata inú dòdò náà ti jẹ́ kí omi máa bọ́ lójú Rayyan. Bàbá ní, "Ìyàwó, fún un lómi jàre. Ọmọ dáadáa ni."

Níbi ìpàdé, mo dìde, mo sì bi Rayyan níwájú ọ̀gá rẹ̀: "Ká ní ìbọn wà ní ìbàdí rẹ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ńkọ́?" Gbogbo wa mọ̀ pé bí àbá yìí bá wọlé, owó oṣù rẹ̀ á gòkè, ìyàwó rẹ̀ sì lóyún. Ó wo ọ̀gá rẹ̀, ó sì dá mi lóhùn:

"Auntie, ẹni tí mo bá ní kó dúró, tó wá ki ọwọ́ bọ àpò, ìbọn ni wọ́n á kọ́ mi pé kí n yọ sí i. Níbo ni mo ti fẹ́ mọ̀ pé oúnjẹ ni?"

Ẹnì kan pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Oúnjẹ tó ń ta bí iná!" Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́. Mo ní n kò gbè é lẹ́yìn mọ́. Kí wọ́n gba ẹ̀ṣọ́ kún ẹ̀ṣọ́, kí wọ́n sì tan iná síbi tí a ń gbé mọ́tò sí. Nígbà tí a dìbò, àbá náà kò wọlé.

Rayyan dúró dè mí lẹ́nu lífíìtì. "Auntie, ẹ ti gba wàrà lẹ́nu ọmọ mi o." Ó ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kì í ṣe àwàdà nìkan. Ó ní òun á wá iṣẹ́ ọlọ́pàá gan-an lọ, ó sì bẹ̀ mí kí n ṣe onígbọ̀wọ́ òun. Mo gbà. Ó dùn mí pé ó lè kúrò lọ́dọ̀ wa nítorí ohun tí mo ṣe. Bí wọ́n bá tún dìbò náà lọ́la, bákan náà ni n ó ṣe é.

Bá mi kí Màmá àti gbogbo ilé. Bàbá ní kí n kí ọ.

Ọ̀rẹ́ rẹ tí kò gbàgbé rẹ,
Adélọ́lá