Ẹ Má Gba Ọmọ Káfíńtà Sọ́dọ̀

Bùrọ̀dá mi,

Mo kí yín o, mo kí ìyàwó wa àti àwọn ọmọ. Orúnkún Màmá ti ń san, wọ́n ti tún ń ránṣọ.

Ìwé ìtàn àtijọ́ kan láti Amẹ́ríkà tí ẹ wà yẹn là ń kà ní kíláàsì. Tálákà kan ṣiṣẹ́ bí ẹni máa kú, ó di olówó, ó sì ra ilé ọkùnrin tó lé ìyá rẹ̀ síta. Lẹ́yìn náà ló ní kí ọkùnrin ọ̀hún máa gbébẹ̀ lọ. Tíṣà ní àlá Amẹ́ríkà gan-an nìyẹn: kéèyàn là, kó sì lè dárí jini. Mo ní, "Sà, wọn ò tíì ju ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá tiyín sínú òjò ni."

Lánàá, Káfíńtà, àbúrò bàbá wa tó lé àwa àti ẹ̀rọ Màmá síta lẹ́yìn ìsìnkú Bàbá, wá sílé. Ẹ̀rín ló ń rín, ó ní kí ẹ gba ọmọ òun sọ́dọ̀ ní Amẹ́ríkà níbẹ̀. Màmá gbé àga fún un. Mo gbé e kúrò. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ní àwọn ò mọ̀ yín rí." Ló bá yí padà, ó jáde. Inú mi dùn dé àtàǹpàkò ẹsẹ̀.

Màmá ní kí n sọ fún yín pé kí ẹ dárí jì í. Mo ti sọ ọ́. Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ àlọ àtàbọ̀ yín. Ṣùgbọ́n tó bá pè yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ mí di òpùrọ́.

Àbúrò yín obìnrin.