Àlàájì Kọ̀ Láti Fi Mariyah Fún Ọmọ Àgùdà

                                        Ojúlé 14, Òpópónà Ṣaoláyè,
                                        Ìta Fájì,
                                        Ìsàlẹ̀ Èkó.
                                        17 Oṣù Kẹsàn-án, 2025.

Àǹtí Hàwáwù mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú àìfojúrínra o. Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Ọkọ yín ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Mo gbọ́ pé òtútù ti ń mú ní Manchester yín níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa wọ aṣọ tó nípọn. Màmá mi ń kí yín, orúnkún wọn ṣì ń dùn wọ́n. Ní tèmi, ara mi le, ṣùgbọ́n inú ń bí mi gidigidi, bàbá yín ló sì fà á.

Ẹ mọ̀ pé Mariyah àbúrò mi fẹ́ fẹ́ Haleem, ọmọ Pópó Àgùdà, Mùsùlùmí bíi tiwa tí àwọn baba ńlá rẹ̀ ti Bùràsíìlì padà wálé. Bàbá wa ti kú, nítorí náà bàbá yín, tí í ṣe ẹ̀gbọ́n wọn, ló máa dúró bíi baba ìyàwó níbi yìgì. Bí wọn kò bá fi ọmọ fún ọkọ, kò sí yìgì. Wọ́n rán Bọ̀ọ̀dá Kàsímù lọ ṣe ìwádìí ìdílé ọkọ, bí a ti máa ń ṣe. Bọ̀ọ̀dá ò tilẹ̀ dé ilé wọn. Ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ wọn kan tó ń ta táyà ní ìkóríta ni wọ́n jókòó sí, wọ́n mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò, wọ́n padà wálé, wọ́n ní ọmọ ẹrú tí wọ́n kó lọ sí Bùràsíìlì ni ìdílé Haleem, kò sẹ́ni tó mọ orírun wọn. Bàbá yín ní ó parí.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n ń kọ́ wa ní yunifásítì nípa bí sosiọ́lọ́jì ṣe bẹ̀rẹ̀. Ìmọ̀ bí ènìyàn ṣe ń bá ara wọn gbé ni wọ́n pè é, àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn òyìnbó tó dá a sílẹ̀ tò wá bí àkàbà: àwọn lókè, àwa dúdú nísàlẹ̀ pátápátá. Àwọn kan ní kí ìjọba ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tó ń ṣí wá láti ìlú mìíràn, kí wọ́n má baà ba ẹ̀jẹ̀ àwọn jẹ́. Ìdí tábìlì ni ọ̀pọ̀ wọn jókòó sí kọ ọ́. Ọkùnrin dúdú kan ní Amẹ́ríkà ló lọ láti ojúlé dé ojúlé, tó bi àwọn ènìyàn dúdú fúnra wọn léèrè, tó sì rí i pé kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ló ń fìyà jẹ wọ́n, iṣẹ́ tí wọn ò fún wọn ni. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ṣe bí ẹni pé wọn ò rí iṣẹ́ rẹ̀.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún bàbá yín. Wọ́n ṣépè fún àwọn òyìnbó náà títí. Mo ní, "Àlàájì, ohun tí ẹ̀yin náà ń ṣe fún Haleem nìyí." Wọ́n ní kí n má fi ìwé bú àwọn. Mo ní ṣebí Ìjẹ̀bú ni bàbá àgbà wa ti gbé ẹrù wá sí Èkó, ṣebí oríkì Ìjẹ̀bú ni àwọn ìyàwó ilé fi ń kì wọ́n láàárọ̀ ọdún tí orí wọn ń wú. Wọ́n ní tiwa yàtọ̀. Kí ló fi yàtọ̀? Ta ló ta àwọn baba ńlá Haleem fún òyìnbó? Àwa náà wà níbẹ̀. A tà wọ́n, àwọn ọmọ wọn forí la òkun padà wálé, a tún ń bi wọ́n ní orírun. Bẹ́ẹ̀ àwọn àgbà ló ní ẹrú náà ṣe ọmọ rí nílé ìyá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára, Àǹtí, mi ò lè purọ́. Mariyah ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́ nínú ilé.

Lánàá, ìyá Haleem wá bá wa. Wọn ò jà, wọn ò sì bẹ̀bẹ̀. Wọ́n kàn wò mí lójú, wọ́n ní, "Kí lẹ rí lára ọmọ mi?"

Ẹ̀yin nìkan ni bàbá yín ń gbọ́ tiyín. Nígbà tí onílé kan níbẹ̀ yẹn rí àwọ̀ yín lẹ́nu ọ̀nà, tó ní yàrá ti tán, ṣebí ẹ̀yin lẹ pè wá. Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá yín lọ́jọ́ náà. Ẹkún ni wọ́n ń sun, ìbéèrè ìyá Haleem yìí gẹ́lẹ́ ló sì wà lẹ́nu wọn. Ẹ pè wọ́n ní kété tí ẹ bá ti ka lẹ́tà yìí, Àǹtí. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ti rí ìdáhùn.

Ẹ bá mi kí ọkọ yín àti àwọn ọmọ.

Èmi ni àbúrò yín tí inú ń bí,
Khairiyyah.