Òkú Tí Mo Pè ní Ìbejì

Bàbá mi, ẹ kú ilé o. Àárò yín ń sọ mí. Mo kí Ìyá mi lórí ìkúnlẹ̀.

Ẹ jókòó kí ẹ tó ka ìyókù: mo ti lọ́kọ. Mo fi pamọ́ fún yín títí di òní, inú mi sì ń dùn gan-an. Sátidé tó kọjá la fọwọ́ síwèé ìgbéyàwó ní mẹ́rì, ọ́fíìsì ìjọba ìlú yìí, òjò ń rọ̀, ẹ̀rín ń pa wá. Nasírù lorúkọ rẹ̀. Ibí ni wọ́n bí i sí, ọmọ Yorùbá ni. Ìyá rẹ̀ àgbà nìkan ló ń bá sọ èdè wa, ìdí nìyẹn tó fi ń kí ọmọ ọwọ́ pé, "Ẹ káàárọ̀, mà." Ṣùgbọ́n a ò tíì so yìgì. Ẹ̀yin lẹ ó fi mí fọ́kọ; yàrá mi ní àdúgbò Venez-Voir ni mo ṣì ń dá sùn.

Lọ́jọ́ tí mo ń kúrò nílé, ẹ ní ẹni tó bá lọ́kọ sílẹ̀ àjèjì, ta ni yóò gbé òkú rẹ̀? Ọ̀rọ̀ yẹn ló dí mi lẹ́nu. Bí mo bá ti ṣọ́ọ̀bù ní àdúgbò Glass dé, tí mo dá jókòó, ṣe ló máa ń dún létí mi.

Ẹ wá gbọ́. Ìyá Àgbà Nasírù fi fọ́tò àtijọ́ kan hàn mí, tí bàbá rẹ̀ rà lọ́wọ́ oníṣòwò Faransé. Méjì tó jọra ló wà lórí páálí kan: òkú Mùsùlùmí tí wọ́n fi aṣọ bò, tí wọ́n gbé léjìká nílùú àwọn Lárúbáwá. Mo rọra bi í bóyá ìbejì ni wọ́n, tí wọ́n jọ lọ lọ́jọ́ kan náà. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ìyàwó, ẹnì kan ni. Fi ojú méjèèjì wò ó." Ó ki páálí náà bọ iwájú awò onígi kan tó ní dígí méjì, ọ̀kan fún ojú kọ̀ọ̀kan, mo gbójú lé e.

Bàbá, méjì di ọ̀kan. Subhánallàhi. Fọ́tò náà jìn wọnú bí ọ̀dẹ̀dẹ̀, àfi bíi pé kí n na ọwọ́ gba àárín àwọn tó gbé òkú. Lẹ́yìn pátápátá, ọkùnrin kan ń sáré bọ̀ láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Eré ti sọ ojú rẹ̀ di bàìbàì, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Mo bèèrè bóyá ẹbí òkú ni. Ìyá Àgbà ní ta ló mọ̀. Ẹni tí janáásà, òkú tí wọ́n ń gbé lọ sin, bá kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀, láàdá ni kó fi èjìká tì í. Ó ní nígbà tí bàbá òun kú níbí, àwọn Hausa, àwọn ará Sẹ̀nẹ̀gà, àwọn ọmọ onílẹ̀, gbogbo wọn ló ń du òkú náà gbé, tí àwọn ọmọ bíbí rẹ̀ kò fi ráyè.

Bàbá mi, èjìká ò wọ́n níbí. Ọwọ́ tí yóò fi mí fọ́kọ ló kù, tiyín nìkan sì ni.

Kí Allah dá ẹ̀mí yín sí, kó ṣọ́ ẹsẹ̀ yín lójú ọ̀nà. Ẹ bá mi kí Ẹ̀gbọ́n, àwọn àbúrò mi àti gbogbo ará mọ́sáláṣí. Èmi Ráfíátù, ọmọ yín, aya Nasírù, ló ń retí gbogbo yín pátá níbí fún yìgì wa: Jímọ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn Iléyá.