Ihò Kẹta ní Pápá Aku Rabten

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù Kẹsàn-án
A dé. Òtútù ló kọ́kọ́ kí wa káàbọ̀. Àgọ́ wa kò jìnnà sí ti Aku Rabten, àbúrò bàbá mi, ẹni tó ni pápá tí a fẹ́ gbẹ́. Ó wo Ọ̀gá Yudron, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí mo ń bá ṣiṣẹ́, láti òkè délẹ̀, ó bi mí bóyá ìyá àgbà yìí náà ló máa di irin ìgbẹ́lẹ̀ mú. Mo ní òun ni. Ó ní kí n jẹ́ kóun tètè gbé tíì kaná nígbà náà.

Ìyá Yìnyín — orúkọ tí mo sọ Ọ̀gá Yudron nínú ìwé yìí nìkan. Kò gbọ́dọ̀ gbọ́.

Ìṣẹ́gun, 5
Ihò kìíní, ihò kejì. Ilẹ̀ dì gbagidi, irin ń ta padà. Ìyá Yìnyín kúnlẹ̀ lórí orúnkún tó ń ro ó, ó ń yí irin, kò ráhùn. Nígbà tí yẹ̀pẹ̀ dídì náà jáde lódindi, ó gbé e bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Ìṣe rẹ̀ wù mí.

Mákúrì là ń wá, omi irin inú ìwọ̀n ibà àtijọ́. Ìyá Yìnyín ní èéfín ọ̀nà jíjìn ló ń gbé e gba ojú ọ̀run wá. Koríko á fà á mu, koríko á kú, ilẹ̀ dídì á tì í mọ́nú. Àwọn ará ọ́fíìsì ìjọba tó rán wa ní rárá, abẹ́ ilẹ̀ ibí ló ti ń jáde. Tó bá jẹ́ tiwọn ló tọ̀nà, wọ́n á kó Aku tòun ti yáàkì rẹ̀, àwọn màlúù onírun gígùn wọ̀nyẹn, kúrò lórí pápá kí òjò yìnyín tó bẹ̀rẹ̀.

Aku mọ̀. Ó kàn ń fi bọ́tà sí tíì wa ṣáá.

Ọjọ́bọ̀, 7
Ihò kẹta. Òkè ihò náà gan-an ni ẹ̀rọ ti ka iye tí mi ò rí rí. A tún un wọ̀n — bákan náà. Ojoojúmọ́ ni ìròyìn ń lọ sí ọ́fíìsì. Mo bẹ Ìyá Yìnyín pé kó dá tòní dúró, torí ọ́fíìsì á ní ẹ̀rí rèé pé ilẹ̀ ibí ló ń tú u jáde. Ó ní, "Lhamtso, ṣé èyí tó bá wù wá nìkan la ó máa fi ránṣẹ́?" Ó fi ránṣẹ́. Inú bí mi débi pé mi ò bá a jẹun.

Ẹtì, 8
Ọ́fíìsì ti fèsì. Ọkọ̀ akẹ́rù tó máa kó Aku ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé.

Àbámẹ́ta, 9
Kí n tó jí ni Ìyá Yìnyín ti wà níta. Ó gbẹ́ yí ihò kẹta ká. Ìwọ̀nba tí a rí níbòmíràn náà ló wà níbẹ̀. Awọ ọwọ́ rẹ̀ ti bó. Mo gba irin, tèmi náà bó.

Nídìí tíì, ó bi Aku bóyá wọ́n ṣe nǹkan kan síbẹ̀ kí a tó gbẹ́ ẹ. Aku ní kí ló dé, òun tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹ̀mí tó ni ilẹ̀ ni, àbí ẹ rò pé ẹ kàn lè máa dá ihò lu sí i lára? Ìyá Yìnyín ní, kí lẹ fi tọrọ? Aku gbáyà. "Oògùn oníyebíye. Hóró tó gbẹ̀yìn lọ́wọ́ mi. Mo lọ̀ ọ́ kúnná, mo wọ́n ọn sílẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ní ihò yẹn ló ṣe pàtàkì jù."

Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ níbí pé mákúrì làwọn oníṣègùn wa máa ń sè sínú oògùn yẹn. Ìyá Yìnyín rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Aku fajú ro. "Kí ló pa yín lẹ́rìn-ín? Ahun ì bá fi ìyẹ̀fun ọkà bálì lásán ṣe é."

Àìkú, 10
Ìyá Yìnyín gun òkè lọ wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì kó lè pe ọ́fíìsì. Mo tẹ̀ lé e. Mo rò pé á ní darandaran kan ló da nǹkan síbẹ̀. Kò dárúkọ Aku rárá. "Èmi ni mo ṣìṣe. Mi ò bèèrè ohun tí wọ́n ṣe sílẹ̀ kí n tó gbẹ́ ẹ." Ọkùnrin tó gbé fóònù ní ọ́fíìsì jágbe mọ́ ọn, ó ní irú àgbà wo nìyẹn. Ìyá Yìnyín gbé fóònù jìnnà sétí díẹ̀. "Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lórúkọ mi, sà." Ó wá ka iye àwọn ihò yòókù fún un: ó pọ̀ lókè, ó ń dín kù bí a ṣe ń wọlẹ̀, títí kan èyí tí a gbẹ́ lórí òkè níbi tẹ́nì kan ò gbẹ́ rí ṣáájú wa.

Orí mi wú. Bí mo bá lè dàgbà báyìí, ó tó mi.

Ìṣẹ́gun, 12
Ọkọ̀ akẹ́rù kò wá. Wọ́n ní kí Aku dúró sórí pápá rẹ̀.

Ó pa àgùntàn kan fún wa. Lẹ́yìn oúnjẹ ló bèèrè, pẹ̀lẹ́ ni: "Olùkọ́, tí ilẹ̀ ò bá jẹ̀bi, tó jẹ́ afẹ́fẹ́ ló gbé e wá, ta ni wọ́n á wá kó kúrò?"

Ìyá Yìnyín ní, "Ẹni yẹn lèmi náà ń wá, Aku. Ohun tí mo fi ń gbẹ́lẹ̀ nìyẹn."

Òkè kejì ló kàn, lọ́la. Ọwọ́ mi ò tíì jinná. Mo ti di ẹrù mi.